Ọjọ́bọ̀ Tí Rocar Wálé

Odilon àbúrò mi ló fà á, mo sì kìlọ̀ fún un. Nígbà tí fàdá wá sọ fún wa pé ibà ti pa Lambert, àbíkẹ́yìn ilé wa, ní Kóńgò, Odilon ní ọkàn Màmá ò lè gbà á, kí á fi pamọ́.

Àwòrán ló ń yà sínú ìwé ìròyìn ọmọdé tó máa ń jáde lọ́jọ́bọ̀ ní Liège, ìlú wa. Ó ya Rocar, akọni tó ń rin igbó kìjikìji, ó fún un ní imú Lambert àti àpá ojú rẹ̀. Ó wá sọ fún Màmá pé Lambert ló ń ránṣẹ́ ohun tójú rẹ̀ ń rí sí òun. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Màmá ń gbé kọfí síwájú tó ń kà á.

"Ghislaine, wá wò ó! Ọ̀nì fẹ́ gbé àbúrò rẹ mì, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Olóríkunkun!"

"Ta ló fi jọ, Màmá? Ṣebí ẹ̀yin náà ni." Inú á sì máa bí mi sí Odilon.

Nígbà tó yá, ìwé náà ò tà mọ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ní kí Odilon fi ojú ewé kan parí ọ̀rọ̀ Rocar.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè pa á. Màmá á kú."

"Ta ló ní kó o pa á? Ìwọ ṣá wá nǹkan ṣe sí i!"

Ló bá yà á níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Antwerp, lórílẹ̀-èdè wa níbí, tó ń ju fìlà sókè. Adàlúrú ọmọ! Ó rò pé òun ṣe dáadáa.

Lọ́jọ́bọ̀ tí Màmá kà á gan-an, ó tẹ́ ibùsùn Lambert. Ó ṣù ẹran lílọ̀, ó sè é nínú ọbẹ̀ dídùn tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn, ó jókòó ti fèrèsé. Títí di ọjọ́ Àìkú, ọbẹ̀ ti kan, kò kúrò níbẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún Lambert?" ló bi wá. "Ó dé, kò wá wò mí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Odilon kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Lambert ti kú. Ó ti pẹ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Òtítọ́ lé e bá nílé wa lóòótọ́. Àmọ́ Màmá kàn ń wo Odilon ni.

"Lambert ló ní kó o wá bá òun pa irọ́ yìí, àbí?" ló wí. "Ó kórìíra mi tó bẹ́ẹ̀?"

Ó dìde, ó da ọbẹ̀ náà nù. Kò dárúkọ Lambert mọ́ títí òun náà fi kú.