Aṣọ Tí Ìyá Tíṣà Fọ̀

"Jókòó, ìwọ ọkùnrin yìí. Bí o bá dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ará àdúgbò á ní ọlọ́pàá tún ti dé."

Akọ̀ròyìn jókòó. Ìyá Tíṣà kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Aṣọ oníbàárà kún orí tábìlì, ó ń lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan dá wà lórí ìṣó lára ògiri. Ó gún régé, àfi etí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti gbó.

"Wọ́n ní o ń kọ̀wé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ìwé nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ti délé ìtẹ̀wé."

"Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ jáde, ẹ sọ ọ́. Àwọn ológun ti sọ tiwọn tó."

Akọ̀ròyìn fọwọ́ nu imú. Níwájú àwọn tó ń lù ú lẹ́wọ̀n, kò la ẹnu. Lónìí tó yẹ kó là á, ẹnu rẹ̀ wúwo bí ọlọ.

Tíṣà, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí, ló kó àwọn olùkọ́ jáde fún ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n fi gbé e. Nígbà tí ìjọba ológun kógbá sílé, tí wọ́n ṣí ọgbà sílẹ̀, wọ́n ní Tíṣà ti sá lọ sókè òkun. Irọ́ ni. Yàrá kejì sí ti Tíṣà ni akọ̀ròyìn wà. Etí rẹ̀ ló fi gbọ́ bí Tíṣà ṣe kú. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kà á.

Ọ̀rọ̀ kejì wà níbẹ̀ tó tún le ju ìyẹn lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ará ilé fojú kan ẹlẹ́wọ̀n. Kò sí lẹ́tà, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n lè rán. Aṣọ nìkan ni. Ní Sátidé, ìyá á gbé aṣọ mímọ́ dé ẹnu géètì, wọ́dà á gbé aṣọ ìdọ̀tí jáde fún un. Ẹni tí ìdọ̀tí rẹ̀ bá jáde, ó wà láàyè. Lẹ́yìn tí Tíṣà kú, ìdọ̀tí rẹ̀ kò yéé jáde.

"Ìyá, Tíṣà..."

"Ó ti kú." Ìyá náà yí aṣọ tó ń lọ̀ sódì kejì. "Àbí ohun tí o wá sọ kọ́ nìyẹn? Láti ìgbà tí o ti wọlé lo ti ń gbé e mì bí ẹni tí eegun há lọ́fun."

"Ta ló sọ fún yín, Mà?"

"Aṣọ ni." Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ọlọ́wọ́ òsì lọmọ mi. Mo nà án, nà án, kò yí padà. Apá òsì aṣọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dọ̀tí, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ní Sátidé kan, mo tú ìdì aṣọ, apá ọ̀tún ló dúdú. Òógùn ọrùn rẹ̀ kì í ṣe òógùn ọmọ mi. Mo jókòó ti báàfù títí ọṣẹ fi yọ́ tán lọ́wọ́ mi."

"Ẹ sì ń fọ̀ ọ́ lọ, Mà? Gbogbo ọdún yẹn?"

"Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá pariwo, wọn á bọ́ ọ lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo ní, ẹni yòówù kó jẹ́, kò léèyàn. Ká ní ó léèyàn ni, kò ní í máa wọ aṣọ ọmọ ọlọ́mọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀bùn sì ni. Etí ọwọ́ ló fi ń nu imú."

"Èmi ni, Mà."

"Mo mọ̀. O ti nù ún lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí o ti jókòó."

Akọ̀ròyìn fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló jáde. Ìyá Tíṣà jẹ́ kó sun ún tó.

"Ohun kan ló kù tí aṣọ kò sọ fún mi," ni ó wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì tí apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú yẹn, aláwọ̀ ewé. Mo rán bọ́tìnnì tuntun sí i. Ǹjẹ́ ọmọ mi wọ̀ ọ́? Bó ṣe ọjọ́ kan péré?"

Akọ̀ròyìn rántí. Ṣẹ́ẹ̀tì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ká a láti ilé, kò sí bọ́tìnnì kan tí wọ́n tú. Wọ́dà jù ú lù ú láyà: "Gbà. Ẹni tó ni ín kò nílò rẹ̀ mọ́." Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ló ṣe kọ ọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà ló ti búra pé irọ́ kan kò sí nínú rẹ̀.

"Ó wọ̀ ọ́, Ìyá. Odindi ọjọ́ kan. Ó ní òórùn ilé lòun ń gbọ́ lára rẹ̀."

Ìyá Tíṣà wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo àbàwọ́n tó mọ̀ pé kò ní í lọ.

"O ṣé, ọmọ mi," ni ó wí. "Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ yẹn. Etí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti tún dọ̀tí."

Ó bọ́ ọ fún un. Nígbà tó gbọ́ tí omi ń dà sínú báàfù lẹ́yìnkùlé, ó mú fóònù, ó pe ilé ìtẹ̀wé. Ó ní kí wọ́n dúró ná, ojú ewé kan wà tí òun fẹ́ yọ.