Ọkùnrin Tí Wọ́n Ń Wá Kiri ní Santa Lucilla

Ọjọ́ tí igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù wá tú ilé wa, aṣọ la ń sá lọ́wọ́. Oòrùn oṣù kẹjọ mú ganrínganrín lórí gbogbo Castelrovo. Ìyá Àgbà wa, Ìyá Ippolita, jáde sí àgbàlá, ó sì ń yára rìn, bẹ́ẹ̀ a ò mọ̀ ọ́n mọ́ ìyára.

"Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀," ó ní. "Ẹ fa ìbòrí yín bojú. Ọkùnrin mẹ́rin ń wọlé bọ̀."

Ní Santa Lucilla, ọkùnrin kì í wọlé. Oníṣègùn lè wọlé tí ẹnìkan bá ń kú lọ, Fadá lè wọlé láti ta òróró sí i lára. Gbogbo ọkùnrin yòókù, títí kan bàbá tó bí wa, ẹ̀yìn asẹ́ irin ni wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ti ṣe àpérò ńlá wọn, tí wọ́n ní kí a máa ti àwa obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́lé pátápátá, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ń wá, Ìyá wa?"

"Ọkùnrin ni."

Sísítà Gaudenzia tó ń dáná fún wa kò lè pa á mọ́ra. "Ọkùnrin mẹ́rin ló wá ń wá ọkùnrin kan nílé obìnrin? Ṣebí wọn ì bá wo ara wọn lójú, kí wọ́n sì máa lọ sílé."

Ẹ̀rín gbọ̀n wá, ṣùgbọ́n kò jáde. Gbogbo wa ló mọ ohun tó fà á. Ní ọjọ́ àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, a kọrin ìrọ̀lẹ́ ní ohùn mẹ́rin. Àwọn ará ìlú kún ṣọ́ọ̀ṣì ìta fọ́fọ́, àwa wà lẹ́yìn asẹ́ nínú tiwa. Ọlọ́lá kan tó wá láti ìlú Bíṣọ́ọ̀bù wà láàárín wọn. Nígbà tó délé, ó búra pé ọkùnrin kan ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Santa Lucilla, pé òun fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Ọkùnrin yẹn ni Sísítà Orsina.

Orsina kéré, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Orí òkè ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti ń fi èso chestnut ṣe búrẹ́dì. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ibà gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú àlejò. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ fi í ṣe ìyàwó ọmọ wọn wá, ó gbàgbé, ó kí wọn. Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn odi, wọn ò padà wá mọ́. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Sísítà Benvenuta, àgbàlagbà tó ń kọ́ wa lórin, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Orsina kí i. Benvenuta di ẹnu ọ̀nà mú, ó ní, "Ọlọ́run ò, o wá dá wa lóhùn níkẹyìn." Títí di ọjọ́ yẹn, gòjé ńlá la fi ń dí àyè ohùn ìsàlẹ̀, nítorí kò sí ọ̀fun tó lè débẹ̀ láàárín wa.

Èmi, Sísítà Cleofe, ni mò ń kọ ohùn tó tẹ̀ lé tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ara rẹ̀ kì í lélẹ̀. Tó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lábẹ́ tábìlì. Tó bá ń gbàdúrà, ó ń bó èékánná rẹ̀. Orin nìkan ló máa ń mú un dúró sójú kan.

Igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù wọlé. Fadá Taddei lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí kì í gbójú sókè. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ṣí àpótí ìyẹ̀fun wa, wọ́n kan àgbá wáìnì wò, wọ́n tú ibùsùn wa. Wọ́n yọ pákó ẹ̀yìn dùùrù, eruku sì bo ọ̀kan nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sín nígbà méje. Ológbò kan fò jáde níbẹ̀.

"Akọ ni o!" Gaudenzia ké. "Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Fadá Taddei kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ìyá Ippolita. "Ìyá, níbo lẹ fi í pamọ́ sí?"

"Òun ló dúró síwájú yín yìí, Fadá Àgbà." Ó fọwọ́ kan èjìká Orsina.

Ọkùnrin náà wo Orsina láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ẹ ní kó kọrin."

A lọ sí ibi tí a ti ń kọrin. Fadá Taddei dúró síwájú Orsina, kò jìnnà sí i ju apá méjì lọ, ó káwọ́ sẹ́yìn. Orsina ya ẹnu. Ohun tó jáde kò ju ohùn eku lọ. Ó tún gbìyànjú. Bákan náà ló rí, ìka rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó ti bó o. Mo rí i pé ojú ọ̀nà ló ń wò, bí ẹni tó fẹ́ sá.

Nígbà yẹn ni Benvenuta, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, fọwọ́ wá ọ̀nà bọ̀ láti ibi tó jókòó sí, ó di ọwọ́ Orsina mú. "Ọmọ mi, ta ló ní kó o kọrin fún un? Àwa ni kó o kọ ọ́ fún. Àwa tá a máa dúró lé ohùn rẹ lórí ńkọ́?" Ó wá kọjú sí ibi tó rò pé ọkùnrin náà wà. "Ẹ̀yin náà, Fadá, ẹ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìta. Ta ló ń wo ẹni tó ń kọrin lẹ́nu báyẹn?"

Ó yà wá lẹ́nu pé ó jáde. Àwa mẹ́rin, ẹnìkan fún ohùn kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ sáàmù ìrọ̀lẹ́. Ní ìlà kejì ni Orsina wọlé, mo sì gbọ́ ọ nínú egungun àyà mi kí n tó fi etí gbọ́ ọ. A kọ ọ́ tán. Nígbà tí Fadá Taddei padà wọlé, ó ti ṣí fìlà. Omi nìkan ló béèrè. Ó mu ún tán, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó lọ.

A rò pé a ti borí. Gaudenzia fi ẹyin àti wàràkàṣì se oúnjẹ ọdún fún wa ní ọjọ́ lásán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé dé. Kò sí ọkùnrin ní Santa Lucilla, ìwé náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, a kò gbọdọ̀ kọ orin olóhùn púpọ̀ mọ́. Orin olóhùn kan, bí àwọn ẹni àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́, òun nìkan ni kí a máa kọ, kí gòjé sì dákẹ́. Ìyá Ippolita bẹ Fadá Taddei wá sí ẹ̀yìn asẹ́ kó lè bi í léèrè ìdí. Mo wà níbẹ̀, torí òfin ni pé ẹnìkan gbọdọ̀ jókòó tì í.

"Kí la ṣe, Fadá Àgbà? Ṣebí ẹ rí i pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa."

"Láti ọjọ́ yẹn, n ò tíì ka àdúrà mi kan tán," ó ní. "Mo bẹ̀rẹ̀, orin yẹn á wọlé. N ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni mò ń gbọ́ àbí àwọn obìnrin mẹ́rin. Tó bá ṣe báyìí sí èmi tí mo ti darúgbó sínú iṣẹ́ yìí, kí ni yóò ṣe fún àwọn ará ọjà?"

"Bóyá ó máa kọ́ wọn ládùúrà."

"Mi ò lè fi bóyá ṣọ́ ẹ̀mí wọn." Ó dìde.

Báyìí la ṣe padà sí orin olóhùn kan. Orin tó dára ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn obìnrin wọ́pọ̀ sí la ti ń kọ ọ́, Orsina kò sì lè débẹ̀. Ó ń jókòó, ó ń mi ètè. Tí a bá jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kànga po nínú ọgbà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí koríko ibẹ̀ fi kú. Ó gbin aáyù, ó hú u kó tó ta, ó tún un gbìn. Ìsinmi tirẹ̀ kò sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mí. Èmi náà ń jí láàárọ̀ bí ẹni pé mo gbàgbé nǹkan sórí iná.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Orsina, jókòó, jọ̀ọ́. O ń kó òòyì bá mi."

"Ìwọ lè jókòó," ó dá mi lóhùn. "Ohùn tìẹ, wọ́n gbà á."

A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ní oṣù kọkànlá, Sísítà Benvenuta kú. Òtútù àyà ló ṣe é. Òwúrọ̀ ni a sin ín, àwọn ará ìlú sì kún ṣọ́ọ̀ṣì ìta, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A bẹ̀rẹ̀ orin òkú ní ohùn kan. Mo ń wo òkú rẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, mo ń rántí bó ṣe máa ń sọ fún wa pé, nígbà ìwáṣẹ̀, kí orin tó ní ohùn mẹ́rin, ẹnìkan á di ohùn kan mú nísàlẹ̀ bí ilẹ̀, èkejì á máa rìn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ilẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Orsina ni. Ohùn kan ṣoṣo ló dì mú, kò mì. Orin àwa yòókù gun orí rẹ̀. Mo lè sọ pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo fi orin tí gbogbo wa ń kọ sílẹ̀, mo bọ́ sí àyè tèmi. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé wa. Ohùn mẹ́rin la fi sin ín. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sunkún lẹ́yìn asẹ́.

Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn kò tíì jáde nínú ààrò tí ẹnìkan fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìlú Bíṣọ́ọ̀bù.

Ìwé kejì kò pẹ́ dé rárá. Ìyá Ippolita ti kọ̀wé ṣíwájú pé òun lòun pàṣẹ. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n ní kó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín wa fún ọdún mẹ́ta. Àwa mẹ́rin kò ní kọrin fún oṣù mẹ́fà. Orsina gbọ́, ó sáré sí ibi asẹ́ láti ké pe ẹni tó mú ìwé wá. Ìyá Ippolita dábùú ọ̀nà rẹ̀.

"Irọ́ lẹ pa!" Orsina ké. "Ẹ ò pàṣẹ kankan. Èmi ni!"

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"N ò mọ̀, Ìyá wa. Ẹnu mi kàn ṣí ni."

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹnu rẹ ṣí. Mo lè gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo yín dákẹ́. N ò gbé e. Ẹni tó lè dáni dúró tí kò dáni dúró, òun ló pàṣẹ." Ó tún ìbòrí Orsina ṣe fún un. "Má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí orin tó o fi sin Benvenuta."

Ìyá Àgbà tuntun, Ìyá Scolastica, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti ariwo pẹ́pẹ́yẹ, ó sì máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣòfò. Ó rí Orsina tó ń pa koríko ọgbà kú, ó kọ̀wé sí Fadá Taddei: bí ẹnìkan bá kọ orin kan náà tí àwọn yòókù ń kọ, ọ̀rọ̀ kan náà, ìgbà kan náà, ṣùgbọ́n tí ọ̀fun tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣé ohùn kan nìyẹn àbí méjì? Oṣù mẹ́rin gbáko ni Fadá Taddei fi rò ó. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Orin kan ni. Kí oníkálukú fi ọ̀fun tí Ọlọ́run fún un kọ ọ́."

Orin olóhùn mẹ́rin kò padà sọ́dọ̀ wa títí mo fi ń sọ èyí, ọdún kọkàndínlógún sì nìyí. A gbọ́ pé ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ akọrin méjì-mẹ́ta tó ń dá ara wọn lóhùn láti òkè ṣọ́ọ̀ṣì, àti fèrè, àti gòjé, pé ẹnìkan ṣoṣo náà lè dúró ti dùùrù kó sì kọrin bí ẹni ń sọ ẹjọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Nígbà mìíràn ó máa ń ká mi lára débi pé n kò lè jẹun.

Ṣùgbọ́n mo rántí òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí Orsina padà kọrin. Ìyá Ippolita jókòó sáàárín àwa méjèèjì, ní àyè tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí. Orsina fi ohùn rẹ̀ sábẹ́ tiwa, orin kan náà, nísàlẹ̀ pátápátá. Mo rí i tí Ìyá Ippolita fi àtẹ́lẹwọ́ lé bẹ́ǹṣì, ó sì fi í síbẹ̀ títí orin fi parí.

"Ogún ọdún ni mo fi jókòó sí òkè lọ́hùn-ún," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ohùn yìí ń mi igi bẹ́ǹṣì."

Ẹ̀rù ba Orsina. "Ṣé ó ń dà yín láàmú ni, Ìyá wa?"

"Ó ń dà mí láàmú gan-an ni. Má dákẹ́ o."

Agogo oúnjẹ lù, a dìde.