Lórúkọ Ta?

"Ìwọ ṣáà fi orúkọ tìrẹ wọlé, kí o dá iṣẹ́ yẹn dúró, kí ti àbúrò mi lè bọ́ síwájú," ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ wí. "Kò gba ìṣẹ́jú kan."

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òun ló ń ṣètò ẹni tó lè wọlé sórí ogójì kọ̀ǹpútà tó ń pawọ́ pọ̀ ṣe fíìmù àwòrán tó ń rìn níbẹ̀, òun náà ló sì ń pín àṣẹ: ẹni tó lè kó iṣẹ́ sí i, ẹni tó kàn lè wò ó lásán, ẹni tó lè dá a dúró. Iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé ni àwọn kọ̀ǹpútà náà máa ń kọ́kọ́ ṣe. Kọ́kọ́rọ́ gidi kankan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ orúkọ náà ti mọ́ ọn lára.

"Iṣẹ́ ta ni kí n dá dúró, sà?"

"Ti ayàwòrán tó wà lórí ẹ̀rọ báyìí yẹn. Ìyẹn lè dúró dọ̀la."

Kò lè dúró dọ̀la. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni oníbàárà ń bọ̀ wá gba fíìmù ayàwòrán, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Àbúrò ọ̀gá, tó fara ti ilẹ̀kùn bí àlejò tó ń retí oúnjẹ, ló fi tirẹ̀ falẹ̀ títí ó fi bọ́ sẹ́yìn.

"Bí oníbàárà bá wá bínú ńkọ́?"

"A ó ní àṣìṣe ni."

Àṣìṣe ta? Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Orúkọ ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró ni ẹ̀rọ máa ń kọ sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń wọlé, ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí i sì wà lórí pépà kan lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta pòórá, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pa á rẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó sún mọ́ ògiri jù lọ ni wọ́n lé dànù. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ náà, ó sì panu mọ́. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa pépà náà ya, tó fún oníkálukú òṣìṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀.

"Mi ò ní ṣe é, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Ṣé ìwọ lo wá ni ilé iṣẹ́ ni? Ó dáa, sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ fún mi, kí n ṣe é fúnra mi."

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣí tiyín fún yín." Ó tẹ bọ́tìnnì wéréwéré, ó fi orúkọ ọ̀gá sáàárín àwọn tó láṣẹ lórí ohun gbogbo. "Ẹ wá jókòó. Ẹ yan ọ̀rọ̀ tó bá wù yín, mi ò ní wò ó. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ dá dúró. Orúkọ yín ló máa wà níbẹ̀."

Ó dìde lórí àga, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ń retí ìró bọ́tìnnì. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"O ò ní pẹ́ wá iṣẹ́ mìíràn lọ," ni ọ̀gá wí nígbẹ̀yìn.

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọ̀gá jáde láì jókòó. Àbúrò rẹ̀ ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń họrí. "Tèmi wá ńkọ́, mà?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ padà sórí àga rẹ̀, ó wo àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. "Tìrẹ ló máa ṣe ìkẹfà," ó dáhùn. "Wá fi orúkọ rẹ wọlé, kí o tò sẹ́yìn àwọn yòókù."