Ìgbẹ́ Ẹṣin Ọ̀gbẹ́ni Garrick

Ẹni tí kò ní ìdọ̀tí lábẹ́ èékánná ni wọ́n rán wá láti kọ́ wa níṣẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ó rọ̀ bíi bọ́tà. Garrick ni wọ́n pè é. Ó dúró níwájú wa nínú gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta tí yìnyín ṣì ga dé orúnkún níta, ó ní òun wá bá wa rìn nínú ìrìn àjò ìgbà ìrúwé.

Àwa bí ọgbọ̀n la jókòó síbẹ̀. A yọ̀ǹda ara wa láti máa tọ́jú ọgbà àdúgbò wa níhà gúúsù Milwaukee, kálukú ló sì ní ebè tirẹ̀. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ro tèmi. Mi ò rìnrìn àjò kankan níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ro ilẹ̀, ẹ̀yìn sì ń ro mí.

"Ilẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ lásán," ni Garrick wí, àwòrán ewé kan sì ń tàn lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. "Ilẹ̀ ń bá wa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká tẹ́tí sí i."

Irma, tí ebè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ń kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!

"Kí lò ń kọ?" mo bi í.

"Dákẹ́, Verna. Ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ."

"Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí èmi àti ilẹ̀ yẹn ti jọ wà. Kò kí mi káàárọ̀ rí."

"Torí pé ojú rẹ le ni."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Garrick kò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀bùn rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ó ní àna òun ń sin ẹṣin lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ ńlá kan á sì gbé ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa wá fún wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Ni Maureen, alága ìgbìmọ̀ ọgbà, bá dìde. Ó ní ọgbà wa máa bá àwọn ọgbà yòókù díje lọ́dún yìí, nítorí náà gbogbo ebè gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Kálukú á da ìgbẹ́ yẹn sí tirẹ̀, kó ga tó ìka mẹ́rin, ó pẹ́ tán Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹrin.

"Ebè tí kò bá ní i lọ́jọ́ náà, a máa gbà á, a máa fún ẹlòmíràn," ó ní. "Ọgọ́ta èèyàn ló ń dúró de ebè."

Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ebè yẹn ló ń bọ́ mi. Tòmátò tí mo sè sínú ìgò, ẹ̀wà tí mo sá gbẹ, kábéèjì tí mo rẹ sínú iyọ̀, òun ni mò ń jẹ láti ìgbà tí yìnyín bá ti ń bọ́ títí tí yóò fi yọ́. Mo nawọ́ sókè.

"Kí ni àwọn ẹṣin yẹn ń jẹ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Koríko ni, mà," ni Garrick wí. "Àbí ẹran ni tiyín ń jẹ?"

"Mo mọ̀ pé koríko ni. Ta ló gbìn ín? Oògùn wo ló fín sí i?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Àsìkò ni oníṣègùn ilẹ̀. Ohun gbogbo ló ń jẹrà, ohun gbogbo ló sì ń padà di ìyè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Fún ìyẹn!

Kò sí olùkọ́ kankan tó kọ́ mi nípa oògùn yẹn. Lọ́dún kẹfà tí mo dé ọgbà, mo gba ìgbẹ́ màlúù lọ́wọ́ ẹnì kan, mo dà á sí ebè mi pẹ̀lú ayọ̀. Ewé tòmátò mi ká kò bí ìkúùkù. Ẹ̀wà kú. Koríko nìkan ló ń gbilẹ̀. Odidi ọdún méjì, àgbàdo nìkan ló hù dáadáa níbẹ̀. Mo bi èèyàn títí ó fi sú wọn, kí àgbẹ̀ kan tó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní oògùn kan wà tí wọ́n ń fín sí pápá kó lè pa èpò elewé fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kó sì dá koríko àti irú rẹ̀ bí àgbàdo sí. Ẹran á jẹ koríko náà, oògùn á gba inú rẹ̀ kọjá láìyingin, á sì lúgọ sínú ìgbẹ́. Ó ní kí n tó da ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí n gbin ẹ̀wà sínú rẹ̀, kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ náà kò jù báyìí lọ. Kò nílò àwòrán lára ògiri.

Wọ́n gbé òkìtì náà dé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin. Mo bu garawa kan nínú rẹ̀ relé. Mo dá ihò sídìí ike áísìkiriìmù mẹ́fà. Mo po ìgbẹ́ mọ́ erùpẹ̀ mi sínú mẹ́ta, ìdajì sí ìdajì. Mo bu erùpẹ̀ nìkan sínú mẹ́ta yòókù. Mo gbin ẹ̀wà mẹ́rin-mẹ́rin sí wọn, mo tò wọ́n sójú fèrèsé ilé ìdáná. Bí mo ṣe ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ tí Maureen dá gan-an ló bọ́ sí.

Nígbà tí Irma wá mu kọfí lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo ẹ̀wà náà ti yọ, wọ́n sì tutù yọ̀yọ̀ bákan náà.

"Ẹ̀wà rẹ ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní.

"Kò tíì tó àkókò."

"Garrick ní àìnígbàgbọ́ ń ba ilẹ̀ jẹ́ ju oògùn lọ."

"Kí Garrick lọ gbin ìgbàgbọ́, kó sì sè é jẹ."

"Èmi ti da tèmi o. Ìka mẹ́rin géérégé. Mo tún yan kéèkì fún un. Ó ní òun ò jẹ irú ẹ̀ rí."

"Ó dáa. Ó kéré tán, ó mọ kéèkì."

Mo fi í ṣẹ̀sín, àmọ́ nígbà tó lọ, mo jókòó ti àwọn ike náà. Bí ẹ̀wà wọ̀nyẹn ò bá sọ nǹkan kan di Sátidé, mo máa fọwọ́ ara mi da májèlé sí ebè mi, tàbí kí n pàdánù rẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú ọjọ́ náà, ewé tuntun là. Lára àwọn tó wà nínú ìgbẹ́, ewé ká sínú bíi ṣíbí, orí wọn lọ́ bí èékánná ẹyẹ. Ti àwọn mẹ́ta yòókù tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo jókòó, mo mu kọfí tó ti tutù, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí.

Nígbà tó di Sátidé, mo to ike mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí àtẹ tí mo fi ń yan búrẹ́dì, mo gbé wọn lọ sí ọgbà. Maureen ti ń lọ láti ebè dé ebè pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Garrick ń tẹ̀ lé e nínú bàtà òjò tí ẹrẹ̀ kò kàn rí.

"Verna, ebè yín ṣófo," ni Maureen wí. "Ẹ sì mọ òfin."

Mo gbé àtẹ náà kalẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹ wá wò ó, gbogbo yín."

Wọ́n wá. Garrick bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike kan. "Èyí lè jẹ́ òtútù. Ó lè jẹ́ omi àpọ̀jù. Ewéko náà máa ń ní ìdààmú ọkàn—"

"Ojú fèrèsé kan náà ni wọ́n wà. Omi kan náà ni wọ́n mu. Báwo ni òtútù ṣe mọ àwọn tó wà nínú ìgbẹ́ tìrẹ?"

Garrick nàró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa kíyè sí i ná."

"Ebè tìrẹ dà, ká lọ máa kíyè sí i níbẹ̀?"

"Mi ò... mi ò ní ebè níbí."

"Mo mọ̀."

"Òfin ni òfin," ni Maureen wí. "Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i."

"Ó dáa. Tìrẹ ńkọ́?"

Gbogbo wa yíjú sí ebè rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Erùpẹ̀ dúdú mímọ́ ni. Kò sí ìgbẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló dí," ó ní.

"Ṣọ́bìrì rèé. Òkìtì nìyẹn. Bù ú sí tìrẹ lójú gbogbo wa, kí èmi náà tó bù ú sí tèmi."

"Alága, ẹ máa bù ú o!" ni bàbá kan kígbe látẹ̀yìn. "A ń wò yín!"

Maureen wo ewé ẹ̀wà náà. Ó wo ebè rẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ la ohun tó wà lórí ìwé já. "Kò pọn dandan mọ́," ó ní. Báyìí ni ebè mi ṣe bọ́ nínú ewu. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ebè mẹ́tàdínlógún ti jẹ ìgbẹ́ náà. Wọ́n bi Garrick kí ni kí wọ́n ṣe. Ó ní òun máa lọ wádìí, ó sì lọ wọ mọ́tò rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá rántí láti bi mí. Mo ní kí wọ́n ha á kúrò, àti erùpẹ̀ tó ti bá a pò, kí wọ́n kó o síta. Kí wọ́n gbin àgbàdo nìkan lọ́dún yìí. Kí wọ́n tún fi ẹ̀wà dán ilẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó gbin nǹkan mìíràn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Irma kò bi mí ní nǹkan kan. Ó jókòó sórí garawa tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè rẹ̀. Láti oṣù kejì ló ti ń tọ́ ọmọ tòmátò mẹ́rìnlélógún nínú ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ iná mànàmáná. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ti ń lọ wẹ̀.

"Sọ ọ́," ó ní. "Sọ pé o kìlọ̀ fún mi."

"Mo kìlọ̀ fún ẹ. O ya dìndìnrìn. O tún wá yan kéèkì lé e lórí."

"Ṣé ó tán?"

"Kò tíì tán." Mo fa okùn àti èèkàn méjì yọ nínú àpò mi. "Dìde. Kó méjìlá wá nínú tòmátò yẹn. Apá ibí yìí nínú ebè mi ni tìrẹ títí yìnyín á fi bọ́. Wá ẹni tí o máa fún ní ìyókù."

"Méjìlá péré?"

"Irma!"

Ó dìde. Ó di orí okùn kan mú, mo di èkejì.

"Garrick ní tí a bá ń pín ilẹ̀—"

"Tí mo bá tún gbọ́ orúkọ yẹn, ó di mẹ́fà."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn mọ́ èèkàn tèmi, òun náà bẹ̀rẹ̀ síbi tirẹ̀, ó sì rọra sún èèkàn rẹ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ mi, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo rí i. Mo lọ síbẹ̀, mo fà á tu, mo sì kàn án padà sí àyè rẹ̀.