Àgbà Kíláàsì Àárín

Ọdún mẹ́fà gbáko ni onígbàjámọ̀ kan fi jókòó sí kíláàsì àárín nílé tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò lédè ìlú, kò sì sẹ́ni tó so ó mọ́bẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún ni olùkọ́ ń ní kó kọjá sí kíláàsì òkè. Lọ́dọọdún ló ń padà wá forúkọ sílẹ̀ ní àárín. Ta ló wà lórí ìtẹ́ tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí ẹní? Ní àárín, òun ló ń kọ́kọ́ nawọ́, òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wò lẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù, gbólóhùn bí ogún ló fi ń jẹun: òjò, bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ńkọ́. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì tan ẹ̀rọ ìgẹ̀run kí ariwo rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò béèrè, kò sì ṣìnà, nítorí kò lọ síbì kankan.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá bá a láti ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí obìnrin náà má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ẹ̀kọ́ èdè. Òun ńkọ́? Kí ni ọkọ wà fún?

Báyìí ni wọ́n ṣe dé iwájú dókítà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nítorí kókó tó yọ sí ìyàwó lọ́mú. Nọ́ọ̀sì fẹ́ pe ògbufọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

Dókítà sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sí àwòrán, ó tún sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ “ìyàwó”, ó gbọ́ “Ọjọ́bọ̀”. Ìyókù di ariwo lásán. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà tẹjú mọ́ ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín sírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Kí ni wọ́n sọ?” ìyàwó bi í.

Irọ́ ti dúró sẹ́nu rẹ̀: wọ́n ní kò séwu. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ara ti ń tu obìnrin náà kí òun tó sọ ọ́, kìkì nítorí pé ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà á gidi.

Ó yíjú sí dókítà, ó sọ gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ kìíní, tí kò lò rí: “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ.”

Dókítà tún un sọ. Kò gbọ́. Ó béèrè ìtumọ̀ eléyìí, ó béèrè tọ̀hún, òógùn bò ó, nọ́ọ̀sì yàwòrán sórí ìwé. Ohun tí ọdún mẹ́fà iyì kò fún un, ìdajì wákàtí ìtìjú fún un. Nígbà tó sì yé e tán, ó wù ú kó má tíì yé òun.

Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

“Jẹjẹrẹ ni. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní a tètè wá. Ẹ̀rín tí mo rín lẹ́ẹ̀kàn, mi ò gbọ́ nǹkan kan ni.”

Ìyàwó wo àwòrán tí nọ́ọ̀sì yà sórí ìwé.

“Ẹ bá mi bi wọ́n,” ó ní, “bóyá mi ò ní kú.”

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìyẹn lédè ìlú náà. Ó yíjú padà sí dókítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.