Ẹja Eléegun Àwọ̀ Ewé

Màmá ti fi ìka ya ẹran ẹja náà sí méjì kí ó tó rí egungun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè àwo. Egungun ọ̀hún kò funfun, kò sì pọ́n. Àwọ̀ ewé ni, ewé tútù yọ̀yọ̀, láti ọrùn ẹja títí dé ìrù, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀dà kùn ún.

“Wúrà,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. “Irú ẹja wo lo pe èyí fún mi?”

Wúrà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ omi ìfọwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.  Báàsì, ẹja òkun kan tí Màmá ti mọ̀, ló pè é. Láàárọ̀, nígbà tí Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, bi í léèrè ohun tó ń dín, báàsì ló jáde lẹ́nu rẹ̀, irọ́ kékeré tí ènìyàn ń pa kí ìbéèrè lè tán. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn dé ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Wúrà, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló gbé òun àti Dávídì ọkọ rẹ̀ wá sí Barking Riverside ní ìlú òyìnbó. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ lọ sí Southend, lọ ju ìwọ̀ sómi lórí afárá gígùn tó nà wọ inú òkun. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ. Ibẹ̀ nìkan ni kò ti sí ẹni tí yóò pè é pé kí ó wá gbé òun dìde.

Lánàá, báàsì kò wá. Báàsì ni gbogbo àwọn apẹja ibẹ̀ ń lé, òun náà ni kò sì pọ̀ mọ́, òfin ti wà lórí iye tí ènìyàn lè mú lọ sílé. Ohun tó ń gbé ìwọ̀ Wúrà mì ni ẹja kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Gáàfíṣì ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ́ sọ ọ́ padà sómi gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù ti ń ṣe, àfi bí Catherine ṣe dá a dúró. Ìyá àgbà òyìnbó yìí kò ní iṣẹ́ mìíràn lórí afárá ju kí ó máa gba àwọn apẹja nímọ̀ràn, wọn ìbáà bi í, wọn ìbáà má bi í: ẹ yé lé ẹja kan ṣoṣo, ẹja pọ̀ lómi tí ẹ kò tíì tọ́ wò, èyí tó bá wá bá yín, ẹ mú un lọ sílé, ẹ sè é. Ó ní gáàfíṣì dùn, kí Wúrà má sì bẹ̀rù egungun rẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Wúrà dúpẹ́, ó kó ẹja sápò, ó sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ egungun kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ṣùgbọ́n ará òkè ni Màmá. Ìkẹ́rẹ́ ló ti wá kí wọn, ẹja tí kò bá sì jẹ́ pánlá tàbí títùs, àlejò ni lójú rẹ̀. Báàsì nìkan ló ti gbà mọ́ wọn láti ìgbà tó dé, ó sì ti fi í yangàn fún gbogbo àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Chadwell Heath, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ìyàwó òun fi ń pẹja bọ́ òun. Ta ni yóò wá dúró máa ṣàlàyé ẹja elẹ́nu abẹ́rẹ́ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀? Wúrà gé orí rẹ̀ dànù, ó gé ìyókù sí ọ̀nà mélòó kan, ó pè é ní báàsì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ó ní. “Kì í ṣe báàsì. Ẹja mìíràn ni, àmọ́ kò sí nǹkan tó ṣe é.”

 Màmá rọra ti àwo sẹ́yìn, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ìnuwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń gbààwẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá sọ ọ́ báyìí. Ẹnìkan bọ́ òun lójú oorun lóru àná, òun kò rí ojú ẹni náà, ṣùgbọ́n ẹja ló fi bọ́ òun.

 Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pe oúnjẹ ojú oorun? Wúrà sì tún rántí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Màmá tún dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀, tí òun sì dáhùn pẹ̀lú ìbínú pé bí ọmọ bá dé wọn á rí i. Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ kú iṣẹ́” nìkan ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Bí ìyá yìí bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, bó bá gbé e dé Ìkẹ́rẹ́, orúkọ tí yóò mọ́ Wúrà lórí kò ní ṣe é wẹ̀ kúrò. Ilé rẹ̀ ló fẹ́ dàrú yìí, lórí ẹja.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí Dávídì fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé. Ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà ní Dagenham Dock. Aṣọ iṣẹ́ olómi ọsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Inú Wúrà dùn láti rí i. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹni tèmi dé.

Màmá ro ọ̀rọ̀ náà fún un, àlá, egungun, àti irọ́ báàsì, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Ó fi àṣamọ̀ kan kádìí rẹ̀: “Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.”

Dávídì wo àwo, ó wo ìyàwó rẹ̀. “Wúrà, kí lo put sínú ẹja yìí?”

Wúrà sọ fún un pé ata àti iyọ̀ ni. Ó ní irọ́ orúkọ nìkan ni òun pa, òun sì ti tọrọ àforíjì. Ó ní bí kò bá gba òun gbọ́, fóònù rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wá gáàfíṣì níbẹ̀.

Ọkùnrin náà jókòó, ó sì wá a. Kò pẹ́ tó fi rí i. Láti ibi tí Wúrà dúró sí, òun náà rí àwòrán ẹja tí wọ́n ti là nínú, egungun rẹ̀ tútù bí ewé. Dávídì ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá bi í léèrè pé kí ni wọ́n wí.

“Wọ́n ní bó ṣe ń rí nìyẹn, Màmi. Wọ́n ní it’s safe, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.”

Wúrà mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ láti gbé àwo kí ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Dávídì ti gbé e ṣáájú rẹ̀. Ó fà á dé iwájú àga tó ṣófo, ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Wúrà pé kí ó jókòó.

“Kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná,” ó ní. “Jẹ́ ká rí i.”

Ó jókòó. Ó bu ẹja náà lára ibi tí ìka Màmá ti yà á, ó fi sẹ́nu. Ó dùn. Ohun tó dùn ún jù lọ́jọ́ náà ni pé ẹja ọ̀hún dùn, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ mọ́, kò sì rọrùn láti gbé mì. Lójú fèrèsé, ọkọ̀ ojú omi kan ń kó èrò kọjá lórí Thames. Dávídì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, ó ń wo ọ̀fun rẹ̀. Bí Wúrà bá gbé e mì, ojú ọkùnrin náà á bá a sọ̀ kalẹ̀.

“Tún jẹ.”

Ó tún jẹ. Omijé dé ojú rẹ̀, ó dá a dúró síbẹ̀. Ìgbà yìí ló gbójú sókè wo Màmá, ó ń retí ojú ẹni tó ń ṣèdájọ́. Ṣùgbọ́n Màmá kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ni Màmá ń wò.

“Ó tó,” ìyá náà ní.

Dávídì ní ó yẹ kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i, kí ó dá wọn lójú.

“Mo ní ó tó.” Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ dáadáa. “Nígbà tí bàbá rẹ kú, wọ́n ní èmi ni mo pa á. Omi tí wọ́n fi wẹ òkú rẹ̀ ni wọ́n bù fún mi mu. Àwọn ọkùnrin ilé yín jókòó yí mi ká, wọ́n ń wo ọ̀fun mi bí o ṣe ń wò yẹn. Ìwọ ni mo pọ̀n sẹ́yìn.”

 Dávídì ní nítorí Màmi lòun ṣe ṣe é, Màmi lòun ń dáàbò bò. Màmá ní òun gbọ́. Ó ní òun ni òun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sùn náà, òun kò sì ní fi bò fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ ohun tí wọ́n kọ sínú fóònù nígbà tí òun ń bẹ̀rù; Dávídì ti kà á tán kí ó tó ní kí Wúrà jẹ ẹ́.

Ó fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kúrò níwájú Wúrà. Ó gbàdúrà ìṣínu ní ṣókí, ó bu òkèlè, ó sì mú ẹja. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́. Ó ń to àwọn egungun aláwọ̀ ewé náà sí etí àwo, ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbé e kalẹ̀.

“Ṣé eléyìí pọ̀ nínú omi yẹn?”

“Ó pọ̀, Màmá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nù ni.”

Màmá mi orí, ó tún mú òmíràn. Dávídì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì fọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

“Ebi ń pa mí o. Wúrà, lọ bu tèmi wá.”

Ìdí Wúrà ti ń kúrò lórí àga kí ó tó mọ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà níjòkòó. Ó padà jókòó. Ó dúró de Màmá, kí ó sọ ohun tí àwọn ìyá ọkọ máa ń sọ, pé dìde, ọkọ rẹ ń pè ọ́. Màmá yọ egungun kan lẹ́nu, ó gbé e sí etí àwo, ó sì ń jẹun lọ.

“Ó wà nínú ìkòkò,” Wúrà ní.