Ògiri Kẹrin

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Bíríkìlà mú ìṣirò yàrá ìyá mi wá, bọ̀dá mi ò tíì jókòó dáadáa tó fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irínwó búlọ́ọ̀kù fún ògiri nìkan," ó kà á sókè. "Ìyẹn yàtọ̀ sí ìpìlẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti páànù. Àbúrò, owó ò tó. Màmá ń bá mi lọ lọ́jọ́ Sátidé."

Ìyá mi wà lórí àga gígùn ní pálọ̀, níbi tó ti ń sùn láti oṣù mẹ́ta. Orúnkún rẹ̀ ò gba àtẹ̀gùn mọ́, òkè sì ni gbogbo yàrá wa wà. Ilé bọ̀dá mi dára o, ṣùgbọ́n àjà kẹta ló ń gbé. Bí ìyá mi bá lè gun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kó tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àdéhùn wa ni pé bí owó tí a jọ kó jọ bá ká yàrá ìsàlẹ̀ tí a fẹ́ so mọ́ ẹ̀yìn ilé, Màmá ò ní lọ síbì kankan. Bí kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ bọ̀dá.

"Ẹ fún mi níwèé yẹn," ni mo wí.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìwé bíríkìlà ni, kì í ṣe bùbá."

"Ẹ ṣáà fún mi."

Aránṣọ ni mí. Mi ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Aṣọ àlòkù ni mo ń tú, tí mo ń tún un rán, títí ọwọ́ mi fi gbà á. Láti ìgbà náà, n kì í gba ìwọ̀n ẹlòmíì gbọ́ láìjẹ́ pé téèpù tèmi dé ibẹ̀. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo wọn ilẹ̀, mo wọn búlọ́ọ̀kù kan. Mo padà wọlé, mo gé ògiri mẹ́rin láti ara páálí tí mo fi ń gé pátánì, mo sì fa ìlà búlọ́ọ̀kù sí wọn: mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ méjìlá lórí ara wọn. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún fún ògiri kan. Mẹ́rin rẹ̀, pẹ̀lú mẹ́rìndínlógún fún àfọ́, irínwó géérégé. Ọ̀gá ò purọ́.

Mo fi abẹ́rẹ́ há wọn pọ̀ di yàrá. Mo gbé àpótí òwú mi kalẹ̀ pé òun ni ilé wa, mo sì ti yàrá lọ gbá a. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

"Ọ̀gá, mo ń rán aṣọ láti ogún ọdún, mi ò rí aṣọ tó ní ẹ̀yìn méjì rí. Ògiri tẹ́ ẹ fẹ́ mọ síbí yìí, kí ni ti ilé wa tó ti wà níbẹ̀ fẹ́ máa ṣe?"

Bíríkìlà gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. Ó tẹjú mọ́ yàrá páálí náà. Ó dìde, ó lọ fi ìka kan ògiri ẹ̀yìn ilé wa káàkiri, ó padà dé.

"Ó lágbára. Á gbé òrùlé." Ó họ orí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ́lé, orí ilẹ̀ òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ yàrá, ọwọ́ mi á ti kọ mẹ́rin."

Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé fèrèsé méjì. Búlọ́ọ̀kù méjìlá-méjìlá já bọ́ sórí tábìlì. "Àwọn wọ̀nyí náà ńkọ́? Àbí inú búlọ́ọ̀kù ni Màmá á ti máa yọjú?"

Pẹ̀lú ògiri kẹrin, ọgọ́fà ti lọ. Sìmẹ́ǹtì wọn, iyanrìn wọn, owó iṣẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Bọ̀dá mi ṣírò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ṣírò ó lẹ́ẹ̀kejì. Owó wa ká a, ó tún ṣẹ́kù tó lè ṣe balùwẹ̀ kékeré sí i.

"Ó tó," ó wí, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

Ìyá mi na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

"Ọmọ mi, Sátidé tó o wí yẹn, má yẹ̀ ẹ́ o. Wọ aṣọ iṣẹ́ wá. Ọ̀rìnlélúgba búlọ́ọ̀kù ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn."

Ó wá. Ó rù ú. Ní oṣù kejì, ìyá mi gba ibi tí fèrèsé pálọ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí a ti sọ di ẹnu ọ̀nà, wọ yàrá rẹ̀, kò gun àtẹ̀gùn kankan, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Bọ̀dá mi, tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lọ́dọ̀ wa, bi mí níbi tí òun á sùn.

"Àga pálọ̀ ṣófo," ni mo wí. "Màmá ní ó dára fún ẹ̀yìn."